Faransé Tí N Kò Gbọ́

Ẹ̀yin ará Ẹ̀gúà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé orí ti dà mí rú, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi tú àṣírí ara mi. Èmi Nathaniel, tí gbogbo yín ń pè ní Tíṣà, n kò gbọ́ Faransé. N kò gbọ́ ọ rí. Oṣù mẹ́ta tí mo lò ní Àjàṣẹ́ lódìkejì bọ́dà, Ègùn àti Yorùbá ni wọ́n ń bá mi sọ. "Bọ̀nsúù" àti "mẹ̀sí" nìkan ni mo kó bọ̀.

Lọ́dún 1984 tí ìjọba ti bọ́dà pa, tẹlifíṣọ̀n Kútọnu nìkan ló ń hàn dáadáa nílé Ọ̀gá Cornelius, ọ̀gá ilé ìwé wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ máa ń kún pálọ̀ rẹ̀ fọ́fọ́, èmi ni mo sì ń túmọ̀. Ẹ má retí pé màá tọrọ àforíjì nítorí fíìmù. Fíìmù wọn kò dùn! Ọkùnrin kan àti obìnrin kan á jókòó ti tábìlì, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí tíì á fi tutù. Èmi ni mo fún wọn ní ogún bàbá tí wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn olórin rọ́ọ̀kì onírun gígùn yẹn ńkọ́, tí wọ́n ń lu jìtá bí ẹni ń ṣán igbó? Mo ní ẹnìkan ló gba ìyàwó ẹni tó wà láàárín wọn, ìyẹn ló ń ké sí. Bàrúwà elépo sunkún, ó fi apá agbádá nu ojú. Ta ló lè sọ pé irọ́ ni? Ẹni tó bá ń ké báyẹn, wọ́n ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdájọ́ mi nìyẹn, n kò yí i padà.

Ìròyìn ló ba tèmi jẹ́. Lábísí, aládùúgbò wa, gbọ́ pé Ìbídàpọ̀ ọmọ rẹ̀ ti bímọ ní Kétu, lódìkejì bọ́dà. Ó ti di ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn àti òrí sínú igbá, ó fẹ́ lọ wẹ ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwòrán bọ́dà hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, ọkùnrin oníkóòtù kan sì ń ka ìròyìn. Lábísí ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n wí? Ṣé wọ́n ti ṣí i?" Gbogbo ojú yí sí mi. N kò mọ̀: ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni ìbá gbà mí, kò jáde. Ìgbéraga ni, kì í ṣe àánú, ẹ má bá mi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo ní, "Wọ́n ti ṣí i fún ẹni tó bá ní ẹbí lọ́hùn-ún." Ó súre fún mi.

Ṣọ́jà mú un ní bọ́dà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n fi ìdí ìbọn fọ́ orúnkún rẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ kí ó tó jáde, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó tiro wọlé, Ọ̀gá Cornelius bi í pé ta ló ní kí ó lọ. Ó ní, "Tíṣà ò jẹ̀bi o. Àwọn ṣọ́jà yẹn ni ò gbọ́ ìròyìn." Mo wà níbẹ̀. N kò ṣe ohun tó burú ju èyí lọ láyé mi: mo mi orí, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, òpè ni wọ́n." Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo túmọ̀ fíìmù mìíràn. Lábísí na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yìí, 2019, wọ́n tún ti bọ́dà pa, Ìbídàpọ̀ sì ń ṣàìsàn ní Kétu. Lánàá, Lábísí, ẹni ọgọ́rin ọdún, fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní òun ń lọ wò ó. Mo ní, "Màmá, ẹ má lọ. N kò gbọ́ Faransé. Irọ́ ni mo pa fún yín nígbà yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí. "Ogbó ti dé sí Tíṣà wa. Ẹ ti gbàgbé ni. Ṣebí wọ́n ṣí i fún ẹlẹ́bí nígbà yẹn? Wọ́n á tún ṣí i. Àwọn ṣọ́jà ìsinsìnyí kàwé, wọ́n á ti gbọ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti rin ọdún márùndínlógójì. Òtítọ́ lé e lánàá, kò bá a.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n ka ìwé yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní pálọ̀ yẹn, lọ́jọ́ Ajé ni Lábísí ń gbéra lọ sí Kétu. Ẹ lọ bá a. Ẹ pè mí ní òpùrọ́ níwájú rẹ̀ títí yóò fi gbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ ẹnu yín láti sọ pé ẹ kò mọ̀. Ní ti fíìmù àti jìtá, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó wá bá mi lẹ́yìn náà, mo ṣetán. Ṣùgbọ́n orúnkún kan ló kù fún Lábísí.