Awọ Tí Kò Wálẹ̀

Bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Àlùfáà Súràjùdéènì kò tilẹ̀ pé ogún ọdún. Lọ́sàn-án ààwẹ̀ kan, níbi tí ìgbẹ́ gbuuru dá a wólẹ̀ sí nílé rẹ̀ ní àdúgbò Darkuman, ó rí i pé òun gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kí òun tó kú. Àìsàn náà ti ran Fáìsátù, ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Ètè ọmọ náà ti bó, síbẹ̀ kò gbà láti mu omi.

"Daabi, Bàbá, rárá o. Ẹnu ààwẹ̀ ni Màámi kú sí, ẹ̀yin náà lẹ sì ń fi wọ́n ṣe wáàsí. Mo lè ṣe é."

Bàbá fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ náà sókè, ó jù ú sílẹ̀. Awọ náà dúró.

"Èmi ni mo pa ìyá rẹ," ló wí. "Báyìí náà ni ìgbẹ́ gbuuru mú un nínú ààwẹ̀. Afua, nọ́ọ̀sì àdúgbò wa, ti kọ́ mi kí n máa fa awọ ikùn rẹ̀ sókè: bó bá tètè wálẹ̀, omi ṣì wà lára, bó bá dúró, omi ti ń tán, kí n gbé e lọ sọ́sibítù kíá. Ìtọ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n bíi tíì, nígbà tó yá, kò tọ̀ mọ́. Ó ní, 'Bàbá Fáìsátù, ṣé mo lè mu omi?' Al-Kùránì yọ̀ǹda fún aláìsàn, mo mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ṣe wáàsí pé àwọn obìnrin ọjà Makola ń fi àìsàn bojú jẹun lọ́sàn-án ààwẹ̀. Ojú tì mí. Èmi ìkà! Mo fa awọ náà, ó dúró ṣánṣán. Mo ní, 'Ó ti wálẹ̀. Fara dà á, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀.' Oòrùn kò tíì wọ̀ tó fi kú. Àwọn tó wẹ òkú rẹ̀ ní awọ náà ṣì dúró, àwọn ra á títí, kò wálẹ̀. Láti ìgbà náà, bí mo bá tẹ́wọ́ àdúà, mo máa ń rí i pé awọ náà wà láàrin ìka mi. Mo ń jù ú sílẹ̀, kì í lọ. Mu omi, ọmọ mi. Kí o sì forí jì mí."

Fáìsátù kò sunkún. Ó bu omi sí ife, ó po iyọ̀ àti ṣúgà sí i, ó mu ún tán pátápátá. Bàbá ń wo ife náà, òùngbẹ ń gbẹ òun náà.

Fáìsátù wá fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ Bàbá sókè, ó jù ú sílẹ̀. Awọ náà dúró. Àwọn méjèèjì jọ ń wò ó.

"Ó ti wálẹ̀, Bàbá," ló wí. "Ẹ fara dà á, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀."