Aránṣọ Tí Mo Ní Kò Tíì Tó

Jókòó, ọmọ mi. Pa ìwé yẹn dé ná. Dókítà ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ọjọ́ mi kò pọ̀ mọ́, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọlẹ̀ lọ. Irọ́ tó ti ń lọ láti ogún ọdún, òtítọ́ ti bá a lónìí. Ìyá rẹ ni mo ṣẹ̀.

Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà náà, ilé yìí sì pa lọ́lọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn tí mò ń kọ́ ní ìtàn àti Gẹ̀ẹ́sì máa ń wá: awakọ̀ kan tó fẹ́ máa bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ lọ́yà tó máa ń sùn sórí tábìlì, àti ìyá rẹ, aránṣọ, tó fẹ́ ṣe ìdánwò kó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Á dé tòun ti òwú lára aṣọ, á ní, "Tíṣà, àwọn ọba inú ìwé yìí ò mọ̀ ju ìjà lọ. Ṣé wọn ò níyàwó nílé ni?" Èmi náà á bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tó fi mọ gbogbo ohun tí mo lè kọ́ ọ. Ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo ti tó?" Mo ní, "Ó kù díẹ̀." Irọ́ gbuu! Bó bá yege, ta ni yóò tún kan ilẹ̀kùn mi tòun ti ẹ̀rín? Bó bá wá, òun nìkan ló ń jókòó níwájú mi, kò rí ẹgbẹ́ rẹ̀ kankan. Aránṣọ tó ń wọn gbogbo ayé, kò ní ohun tó lè fi wọn ara rẹ̀. Mo ní kí ọmọ lọ́yà olóorun lọ ṣe ìdánwò, ó sì yege. Ìyá rẹ ṣì ń gbọ́ "ó kù díẹ̀."

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé e wá. Ó ní, "Ọjọ́ orí ń lọ, Tíṣà. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, wọn ò ní gbà á mọ́. Ẹ sọ òótọ́ fún wa." Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Èmi ìkà, mo mi orí. Mo ní, "Ẹ má jẹ́ kó lọ dójú ti ara rẹ̀. Kò lè yege." Ìyá rẹ kò bínú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó kó ìwé rẹ̀, kò sì wá mọ́. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ purọ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tó mú ọ wá, ìwọ náà gbọ́ ohun tó sọ lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ bá mi kọ́ ọ, Tíṣà. Olódo lèmi, bóyá tiẹ̀ á yàtọ̀."

Ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí ẹnu ẹnì kan ṣoṣo sọ fún ọ bí o ṣe tó, ì báà jẹ́ ẹnu tèmi. Sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí o pe ìyá rẹ wá. Bó bá ní ọwọ́ òun dí, sọ fún un pé mo ní òun ló mọ̀wé jù nínú gbogbo ẹni tó jókòó sórí àga yìí rí. Bó bá ní òun kò ní forí jì mí, má bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó ṣáà mọ̀ pé òun ti tó.