Ìdajì Gbólóhùn Tí Mo Gbé Mì Lórí Ọ̀rọ̀ Owó Orí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè orúkọ mi. Ẹ ṣáà mọ̀ pé díákónì ni mí ní ìjọ kan ní Jahi, níbí l'Abuja, pé iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, àti pé èmi ni ògbufọ̀ ìjọ náà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Kò dà nínú mi. 

Ohun tó mú mi la ẹnu báyìí ni pé wọ́n tún ti ní kí n wá ṣe ògbufọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Òṣìṣẹ́ owó orí kan ń bọ̀ wá ṣàlàyé òfin owó orí tuntun tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀. Obìnrin tí mo ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ló sì dìídì sọ pé èmi ni kí wọ́n pè.

Ìjọ wa kún fún oníṣẹ́ ọwọ́. Télọ̀ wà níbẹ̀, kápẹ́ńtà wà níbẹ̀, àwọn tó ń wa mọ́tò ní gáréèjì Jabi náà wà níbẹ̀. Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Wọ́n gbọ́ Hausa ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí òun ni wọ́n fi ń ná ọjà. Tí àlejò bá wá wàásù lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sì mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní ṣe ìrẹ̀lẹ̀ èké fún yín. Kí oníwàásù tó pa ẹnu dé, èmi ti sọ ọ́ tán. Asọ̀rọ̀-má-kọsẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, orí mi sì máa ń wú.

Lọ́dún yẹn, àwọn alàgbà bẹ ilé iṣẹ́ owó orí pé kí wọ́n rán ẹnì kan wá là wá lọ́yẹ̀. Àwọn ènìyàn wa kò mọ ibi tí wọ́n ti lè béèrè. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa owó orí kò ju àwọn ọmọkùnrin kan tó máa ń wá ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, tí wọ́n á gba owó tí wọn ò ní fúnni ní rìsíìtì.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n rán wá, ọmọ ìpínlẹ̀ Benue. Kò gbọ́ Yorùbá rárá. "Ẹ káàárọ̀" ló fi kí wa lọ́sàn-án gangan. A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ó ṣàlàyé dáadáa. Ó ní ọ̀fẹ́ ni ìbéèrè, pé tábìlì kan wà ní ọ́fíìsì àwọn fún àwọn oníṣòwò kékeré nìkan, pé gbogbo ìlànà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má fún ejẹ́ǹtì kankan lówó. Mò ń túmọ̀ rẹ̀, ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Nígbà tó yá, ó sọ gbólóhùn kan báyìí: "If your business is small, below what the law says, you will not pay this tax. But you must still file every year."

Apá àkọ́kọ́ rọrùn. Mo ní, "Tí iṣẹ́ yín bá kéré, tí kò tó iye tí òfin là sílẹ̀, ẹ ò ní san owó orí yìí!"

Ha! Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì hó "Àmín!" bí ẹni pé àdúrà ni mo gbà. Àwọn kan dìde dúró. Ẹni tó ń tẹ dùùrù náà fọwọ́ bà á.

Apá kejì ṣì wà lẹ́nu mi. "File." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, èmi tí mò ń gbé fáìlì láti tábìlì dé tábìlì lójoojúmọ́ ayé mi, mi ò rí Yorùbá ọ̀rọ̀ náà. Ṣé kí n ní "ẹ gbọ́dọ̀ fáìlì"? Wọn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé kí n dákẹ́ kí n rò ó? Asọ̀rọ̀-má-kọsẹ̀ kì í dákẹ́. Kí ariwo tó rọlẹ̀, ọmọbìnrin náà ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, mo sì bá a lọ.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ǹ bá pè é ní àṣìṣe. Kò parí síbẹ̀. Nígbà tó ń kó ẹrù rẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó ní, "Sir, that part about filing, did they get it?" Máíkì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ènìyàn ò tíì túká. Mo ní, "Yes, they got it." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nínú mọ́tò, ọmọ mi obìnrin, Ìrètí, tí Abuja níbí la ti bí i, sọ pé, "Daddy, aunty yẹn sọ pé they must still file. Ẹ ò sọ ìyẹn." Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, "Ìwọ tó ń pe ọkọ́ ní ọkọ, ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi ní Yorùbá?" Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìrètí kọjú sí fèrèsé. Láti ọjọ́ yẹn, yàtọ̀ sí ìkíni, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Àwa òbí ń ráhùn pé àwọn ọmọ wa kì í sọ èdè wa. Èmi mọ ẹni tó gba èdè lẹ́nu tèmi.

Ìyá Ìbùkún ni obìnrin tí mò ń sọ. Opó ni, aṣọ ilé ìwé ló ń rán, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Life Camp. Ó ti forúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Lọ́jọ́ náà, òun ló kọ́kọ́ wá bá mi. Ó ní, "Díákónì, ẹ ṣeun o. Ọ̀rọ̀ owó orí yìí kì í jẹ́ kí n sùn." Ó sì sùn lóòótọ́. Ó sùn fún ọdún mélòó kan, kò yọjú sí ọ́fíìsì owó orí, torí ẹnu mi ló gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìwé ńlá kan ní Jabi fẹ́ gbé iṣẹ́ aṣọ gbogbo ọmọ ilé ìwé wọn fún un. Iṣẹ́ tó ti ń fi ààwẹ̀ béèrè láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú nìyẹn. Ó yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó ra ẹ̀rọ tuntun, ó wá àwọn tó máa bá a rán an. Ó ku kí wọ́n fọwọ́ síwèé, ilé ìwé ní kó mú ìwé ẹ̀rí owó orí wá.

Ó lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní kò sí bí àwọn ṣe lè fún un. Wọ́n ní láti gbogbo ọdún yìí kò wá sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ, ìtanràn sì ti gun orí ara wọn. Kó tó sáré sókè sódò tán, ilé ìwé ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ó ta àwọn ẹ̀rọ náà ní ọ̀pọ̀. Ó kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìnkùlé ló ń jókòó sí báyìí, ó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó ń pààrọ̀ síìpù.

Ó gbé ẹjọ́ náà wá sí ìjọ. Ọmọbìnrin owó orí yẹn gbọ́, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó ní òun sọ gbogbo rẹ̀ pátá. Pásítọ̀ wá yíjú sí mi. "Díákónì, kí lẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Ohun tó sọ ni mo sọ, sà. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀."

Ìyá Ìbùkún fò dìde, ó nàka sí ọmọbìnrin náà. Ó ní, "Òpùrọ́! Bó o ṣe ba iṣẹ́ mi jẹ́ yìí, ọwọ́ ìwọ náà ò ní ká iṣẹ́ rẹ!" Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà. Mo túmọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò fo ọ̀rọ̀ kankan.

Ọmọbìnrin náà wò mí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní, "Oga, God dey." Ìjọ sì pinnu pé òṣìṣẹ́ owó orí kankan kò ní dúró níwájú wa mọ́. Bẹ́ẹ̀ làwọn ènìyàn wa ṣe padà sọ́wọ́ àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí ìjọ tó ń ṣe Àmín kí ọ̀rọ̀ tó parí. Inú ń bí mi sí pásítọ̀ tí kò bi ẹlòmíràn. Àmọ́ tí mo bá bínú síhìn-ín sọ́hùn-ún tán, ara mi ni mo máa ń bá. Ẹyin lohùn, èmi ni mo jẹ́ kó bọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin tuntun yìí ló mú kí wọ́n yí ìpinnu yẹn padà. Ìyá Ìbùkún dìde lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó ní, "Kí wọ́n wá o, àmọ́ Díákónì ni kó túmọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn lè parọ́, ẹnu Díákónì ni mo gbà gbọ́." Ó tún bá mi gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Lánàá, mo bi Ìrètí pé báwo ló ṣe máa sọ "file" ní Yorùbá.  Ó ní, "Daddy, ẹ kàn ní kí wọ́n lọ sọ fún àwọn owó orí bí iṣẹ́ ṣe lọ." Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ bá Ìyá Ìbùkún lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ṣáájú Sátidé, àbí kí n sọ ọ́ lórí máíkì, níbi tí mo ti dẹ́ṣẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa wá ọmọ Benue yẹn rí? Ẹ bú mi tó bá wù yín, àmọ́ ẹ dá mi lóhùn.

Gbólóhùn náà nìyí, odindi: tí iṣẹ́ yín bá kéré, ẹ ò ní san owó orí yìí, àmọ́ lọ́dọọdún ẹ gbọ́dọ̀ lọ sọ fún wọn bí iṣẹ́ yín ṣe lọ.

Ẹ ò rí i, kò gùn rárá.