Irin Tí Mo Kàn Mọ́ Ògiri Alámọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti pè mí wá sílé yín rí, pé kí n wá bá yín tún yàrá ṣe de ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lórúnkún, ẹ̀yin ni mo ń kọ ìwé yìí sí. Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún yín kí n tó kó irinṣẹ́ mi jáde. Mo máa ń ní ọmọbìnrin kan wà nílé wa ní Ìjẹmọ̀ tí kò nu omi ọṣẹ kúrò nílẹ̀ balùwẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n mi fi ṣubú. Mo máa ń dárúkọ ọmọ náà. Irọ́ ni mo pa. Mi ò tíì ní sọ bí irọ́ náà ṣe tó, torí bí mo bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mi ò ní lè parí rẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti dìde lórí àga, tí mo lọ yẹ nǹkan tí kò bàjẹ́ wò, tí mo tún padà wá. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe tò.

Sàlàhúdíìnì lorúkọ mi. Sàlàú ni wọ́n ń pè mí nílé, Ẹnjiníà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo kàn máa ń tú nǹkan ni, n ó wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, n ó sì tò ó padà. Àlàájà Bàṣírátù tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ni ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti jẹ tán, dókítà sì ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ṣe àìsàn rẹ̀ ló dùn mọ́ mi o, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀ kó má baà máa gun àtẹ̀gùn. Mo gbẹ́ kòtò sáàárín igi kéékèèké, mo ki ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bọ inú wọn kí bẹ́ẹ̀dì náà lè ga, nítorí ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọdọ̀ jókòó síbi tí ìdí rẹ̀ yóò ti relẹ̀ ju orúnkún lọ. Dídìde níbẹ̀ á di ìjà. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, mo kan wáyà fáànù mọ́ ara ògiri kó má baà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Mo fi pákó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ìloro. Mo to ìkòkò, gààrí àti epo síbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti tó wọn láìbẹ̀rẹ̀. Mo kó omi inú ọ̀rá sínú fíríìsà kó dì, kí a lè máa fi aṣọ wé e lé orúnkún náà bó bá wú. Mo rán àpò mọ́ iwájú ọ̀pá onẹ́sẹ̀-mẹ́rin tí yóò máa fi rìn, fún fóònù àti tẹ̀sùbáà. Mo ṣe àga tí yóò máa kírun lórí rẹ̀. Àlàájà jókòó, ó ń wò mí. Ó ní, “Sàlàú, ṣé orúnkún ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, àbí ìyàwó lo fẹ́ gbé wọlé?” Mo ní, “Ẹ dìde, kí ẹ tún jókòó, mo fẹ́ wo gíga rẹ̀.” Ó ní, “Mo ti dìde títí, orúnkún kejì náà ti fẹ́ lọ.”

Ó wá ku balùwẹ̀. Mo fẹ́ kan irin kan mọ́ ògiri níbẹ̀, èyí tí yóò máa dì mú bó bá fẹ́ jókòó tàbí tó bá fẹ́ dìde. Bàbá bàbá wa ló fi amọ̀ mọ ilé wa. Bàbá wa ló fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, tó kùn ún, tí àlejò á fi rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Nígbà tí mo fi ẹ̀rọ lu ògiri náà, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le díẹ̀, àfi bí ẹnu ẹ̀rọ ṣe rì wọlé bí ọ̀bẹ tó bọ́ sínú ẹ̀kọ, tí erùpẹ̀ pupa ń dà sílẹ̀. Bándélé, wẹ́dà tó bá mi jó irin náà, fi ìka kó erùpẹ̀ yẹn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, sukúrù ò lè di èyí mú. Ẹ jẹ́ ká lu ògiri já, ká fi irin pẹlẹbẹ sí ẹ̀yìn, ká de bóòtù mọ́ ọn. Bí wọ́n bá so màlúù mọ́ ọn, kò ní yẹ̀.” Òótọ́ ló sọ. Mo tilẹ̀ ti gé irin pẹlẹbẹ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá Abdulbaqi ló wà lẹ́yìn ògiri.

Abdulbaqi ni àbúrò mi, ọmọ bàbá mi. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, tí òun sì kó sínú yàrá tí mo gbà pé tèmi ni, a kì í kíra wa. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ, ọmọdé ilé ni mo ń rán sí i. Kí n tó lè fi irin sí ẹ̀yìn ògiri yẹn, mo gbọ́dọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kí n ní, “Jọ̀wọ́, bá mi sún bẹ́ẹ̀dì rẹ.” Èmi ẹ̀gbọ́n! Bándélé wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé iná ń jó lára ilẹ̀kùn náà ni? Ẹ jẹ́ kí n bá yín kàn án.” Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Mo fi igi há inú ihò náà, mo fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ dí i, mo de sukúrù gígùn mọ́ ọn. Mo fi ọwọ́ kan fà á, kò mì. Ọwọ́ kan péré! Èmi tí mo ní kí Àlàájà dìde kó tún jókòó títí ó fi sú u, mi ò fi ara rọ̀ mọ́ irin yẹn wò, torí mo mọ ohun tí n ó rí.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Àlímátù, ọmọ Abdulbaqi, ló wá ń tọ́jú Àlàájà. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ní ìjà àwọn bàbá kò kan òun. Ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Àlàájà sì ti ṣèlérí pé òun ni yóò rán an lọ sílé ẹ̀kọ́. Bí Àlàájà bá wẹ̀ tán, ọmọ yìí á nu ilẹ̀ gbẹ, á bọ́ bàtà, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán tẹ gbogbo rẹ̀ wò. Á ní, “Ìyá, ẹ máa wọlé nígbà tó bá wù yín, ilẹ̀ ti gbẹ bí ẹnu ẹni tó ń gbààwẹ̀.” Àlàájà á ní, “Ẹnu tìrẹ nìkan ni kì í gbẹ.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àlímátù lọ ra oògùn ní Kútọ̀. Àlàájà fẹ́ ṣe àlùwàlá, èmi ni mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Mo gbọ́ kẹ̀ẹ̀, mo tún gbọ́ gbì. Nígbà tí mo wọlé, ó ti wà nílẹ̀, ó fi ara tẹ ọwọ́ rẹ̀ kan mọ́lẹ̀, irin náà wà láyà rẹ̀, erùpẹ̀ pupa sì bo táìsì funfun. Ó ní, “Sàlàú, irin já.” Ìrora mú un, ó di ojú pa. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo gbé irin náà kúrò láyà rẹ̀, mo ti sukúrù padà sínú ihò. Mo bọ́ fìlà mi, mo fi gbá erùpẹ̀ kúrò nílẹ̀. Garawa omi ọṣẹ tí Àlímátù rẹ aṣọ sí wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé e, mo rọra da díẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Omi náà tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo tó pariwo pé, “Ẹ gbà wá o!”

Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́, ojú iṣẹ́ abẹ náà sì ya. Ní ilé ìwòsàn, ó tún ní irin ló já. Mo ní, “Rárá o, Àlàájà, ọṣẹ ló gbé yín ṣubú. Irin ṣì wà lára ògiri.” Nítorí pé èmi ni Ẹnjiníà, ó gbà pé ojú òun ló tan òun jẹ. Wọ́n pe Àlímátù sí àgbàlá níṣojú gbogbo ará ilé. Ó ní, “Mo nu ilẹ̀ yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ wò.” Ó fi Kùránì búra. Wọ́n ní, ṣé ojú àwọn fọ́ ni, ṣebí gbogbo àwọn ló rí omi ọṣẹ nílẹ̀? Àlàájà ránṣẹ́ láti orí àìsàn pé, “Ẹni tí kò lè nu ilẹ̀ gbẹ, òun ló fẹ́ tọ́jú aláìsàn?” Bí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ṣe parí nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì ni Abdulbaqi wá sí yàrá mi, ẹni tí mo kọ̀ láti lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi ṣẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Àlàájà.” Mo wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, “Ó ti tó, dìde. Ọmọdé ni.” Mo gba ẹ̀bẹ̀ lórí ohun tí èmi fúnra mi ṣe! Láti ọjọ́ náà la ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kíra wa.

Àlímátù kúrò nílé, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Kútọ̀. Àlàájà lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Èkó títí ara rẹ̀ fi yá. Bándélé bá mi fi sìmẹ́ńtì tún ihò náà dí, ó ní, “Mi ò ní sọ̀rọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mo lójú.” Irin náà wà níbẹ̀, ó dúró gbọin lójú, kò sẹ́ni tó lò ó. Èmi sì ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, mo ń fi Àlímátù kọ́ yín lọ́gbọ́n.

Orúnkún kejì ló tú mi fó. Àlàájà ránṣẹ́ pé wọ́n ti dá ọjọ́ fún un, pé ilé wa ni òun yóò ti sinmi, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ilé tún ṣe bíi Sàlàú. Ṣùgbọ́n Àlímátù kò gbọdọ̀ sún mọ́ òun. Mo wọ balùwẹ̀, mo wo irin náà. Bándélé ní ká yọ ọ́ sọnù, ká ri òpó irin mọ́ ilẹ̀, kò ní kan ògiri rárá. Ọ̀nà yẹn dára. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù fi bà mí, torí bí mo bá ṣe é, kò sí ohun tí yóò tún là mí lẹ́nu títí n ó fi kú.

Nígbà tí Àlàájà ti Èkó dé, mo ní kí Abdulbaqi ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀. Gbogbo ilé pé sí àgbàlá, níbi tí ọmọ náà ti búra. Mo kó wọn dé ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, mo di irin náà mú, mo fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Ó já. Erùpẹ̀ pupa dà sórí táìsì. Nílẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti sọ ìyókù, títí dé orí garawa ọṣẹ. Àlàájà wo irin náà nílẹ̀. Ó ní, “Mo sọ fún ọ pé irin ló já.” Abdulbaqi wò mí, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ó ṣe díẹ̀, a gbọ́ ìró bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tó ń fà kúrò lára ògiri.

Bóòtù ti wà níbẹ̀ báyìí, irin pẹlẹbẹ sì wà lẹ́yìn wọn. Àlàájà ti ṣe iṣẹ́ abẹ kejì, ó ti padà sílé. Ó bẹ Àlímátù, ó tún ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gbé dìde; ọmọ náà ní òun yóò rò ó. Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Ó ní, “Ẹ ti sọ ọ́ fún ará ilé. Àwọn ilé tí ẹ ti fi orúkọ mi kọ́ wọn lọ́gbọ́n ńkọ́?” Ìdí nìyẹn tí ìwé yìí fi dé ọwọ́ yín. Àlímátù nu ilẹ̀ gbẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ẹ bá ti sọ ìtàn mi fún, ẹ sọ èyí fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín mọ iṣẹ́, ohun tí ẹ bá mọ̀ pé kò le, ẹ má tìtorí ìgbéraga kùn ún fún ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé yín. Ilẹ̀kùn tó yẹ kí ẹ kàn, ẹ kàn án. Mo bẹ Ọlọ́run, mo bẹ Abdulbaqi, mo bẹ ọmọ rẹ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n yára.

Àlímátù ń wá tọ́jú Àlàájà báyìí. “Bàbá” ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. “Sà” ló ń pè mí nísinsìnyí. Bí ó bá nu ilẹ̀ balùwẹ̀ gbẹ, tó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ wò tán, kì í tíì pe Àlàájà. Á di irin náà mú, á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, á fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ ọn. Mo máa ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n ó máa fetí sílẹ̀. Irin náà kì í dún. Lọ́la, á tún fà á wò.