Ojú Mẹ́sàn-án Lára Ògiri Òkokomáìkò

Ó di oṣù kẹta báyìí tí obìnrin kan tí mo ń pè ní ìyá kò gbé ìpè mi. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò ní purọ́ fún yín. N kò sì rí ẹni tí ǹ bá bínú sí bí kò ṣe ara mi.

Iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ ni mo kọ́ ní yunifásítì lókè òkun. A ó na àwọ̀n mọ́ férémù, a ó gbé àwòrán ojú sára rẹ̀, a ó fi rọ́bà ti ọ̀dà gba inú rẹ̀ kọjá, ojú ènìyàn kan náà yóò sì jáde sórí bébà nígbà púpọ̀, ní àwọ̀ tí ó bá wù wá. Ojú àwọn olókìkí ni ó yẹ iṣẹ́ yìí jù, nítorí ojú wọn ti di ti gbogbo ayé. Nígbà tí mo padà wálé, tí mo gba ṣọ́ọ̀bù ní Òkokomáìkò, mo pinnu pé òṣèré àgbà obìnrin kan tí ń gbé Ajangbádì ni n ó kọ́kọ́ tẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyá mi olóògbé ni wọ́n, àwọn ni mo sì ń pè ní ìyá; ta ni kò sì mọ ojú wọn nínú fíìmù? Wọ́n jókòó kí n ya fọ́tò wọn, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé kí n bá àwọn lọ ìlà iwájú orí àwọn kó jọ̀lọ̀.

Bàbá Múfú ni mo gbà síṣẹ́, àgbà atẹ̀wé tí ó ti pẹ́ nídìí ẹ̀wù àti pósítà títẹ̀ ní Ìbà. Nígbà tí àwòrán mẹ́sàn-án tí a tẹ̀ nínú ojú wọn gbẹ, òmíràn aláwọ̀ ewéko, òmíràn elésè àlùkò, Bàbá Múfú sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká kọ nǹkan sábẹ́ ẹ̀. Ká kọ ọ́ pé ẹ̀mí wọn á gùn. A kì í tẹ ojú àgbàlagbà lásán báyìí." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ṣàlàyé fún wọn, bí olùkọ́ níwájú akẹ́kọ̀ọ́, pé iṣẹ́ ọnà kì í gbé àkọlé kọ́rùn. Wọ́n padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Èmi kò tilẹ̀ béèrè ìdí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri ìta tí ó kọjú sí ibùdókọ̀. Ohun tí mo gbàgbé ni pé ní àdúgbò wa, bí ojú àgbàlagbà bá kún ara ògiri láìsí ọ̀rọ̀ ìkíni ọjọ́ ìbí lábẹ́ rẹ̀, òkú ni. Kó tó di ọ̀sán, èrò ti pé jọ. Obìnrin kan ká ọwọ́ lérí. Awakọ̀ kan bi mí pé ọjọ́ wo ni ìsìnkú. Mo ní wọn kò kú. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ wá ń kánjú ni?" Àwọn mìíràn ti ya fọ́tò ògiri náà, wọ́n ti fi ránṣẹ́ káàkiri lórí fóònù.

Fọ́tò náà dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan ní Ìjanikin, tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n òṣèré náà. Wọ́n pe àbúrò wọn, ìpè kò wọlé, nítorí ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ni òṣèré náà wà, wọn a sì máa pa fóònù níbẹ̀. Ìyá arúgbó náà sáré jáde pẹ̀lú ẹkún, wọ́n ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí wọn sì dá. Títí di òní, orí ibùsùn ni wọ́n wà.

Lọ́jọ́ kejì, òṣèré náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn kò pariwo. Wọ́n wo ojú ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Ojú mi ni mo fún ẹ. Mi ò fún ẹ lókùú mi."

Kí ni mo ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé! Wọ́n jáde kí n tó parí. Mo ti dé Ajangbádì lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà náà. Àwọn ọmọ wọn a gbọ́ àlàyé mi tán, wọn a ní kí n jó àwòrán àti àwọ̀n rẹ̀, kí n sì lọ kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyá àwọn. Bàbá Múfú ni ó sọ ọ́ fún mi gan-an: "Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń retí lẹ́nu yín, Àǹtí. Ẹ̀yin wá ń kọ́ wọn níwèé."

Àwòrán yẹn ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ti ṣe, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan náà kò fẹ́ gbé e sínú iná. Síbẹ̀, ìyá kan kò lè dìde nítorí gbólóhùn kan tí mo kọ̀ láti kọ. Ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ ni n ó lọ sí Ìjanikin. Ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ àgbà rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ènìyàn ṣe ń tọrọ àforíjì tọkàntọkàn fún ohun tí ó ṣì rẹwà lójú rẹ̀?