Eégbọn Ló Bù Mí Jẹ, Màmá Ni Mo Fura Sí

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ̀yin ará, bí mo ṣe dúró yìí, àyà mi ṣì ń já. Ọlọ́run ló ní kí n má kú.

Láti ìgbà tí ìyá ọkọ mi ti dé láti Ìbàdàn, tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Redan lókè òkun níbí, ni wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá jẹ oúnjẹ wọn láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, ara mi á sú, ètè mi á wú. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, omi nìkan. Ara mi balẹ̀ pátápátá! Mo ní, ah, àṣírí ti tú. Mi ò sọ ọ́ síta o, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo ń fura sí.

Sátidé tí mo ṣínu, Màmá gbé ọbẹ̀ ata tó kún fún ẹran ewúrẹ́ wá. “Ìyàwó mi, o ti rù jù. Jẹun.” Mo jẹ ẹ́, kí wọ́n má baà mọ ohun tó wà nínú mi. Aago mẹ́wàá àárọ̀ nìyẹn. Ní aago méjì, mo wà ní shift nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Decatur, ni ọ̀fun mi bá dí. Èémí ò wọlé, kò jáde! Mo pe Jésù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ṣubú. Nọ́ọ̀sì tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gún mi lábẹ́rẹ́ nítan kí wọ́n tó gbé mi dé ọsibítù.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ mi láti fi wo ohun tí ara mi kò gbà. Májèlé ni mò ń retí. Nígbà tí èsì dé, wọ́n bi mí bóyá eégbọn ti bù mí jẹ rí. Eégbọn kẹ̀? Mo wá rántí kinní dúdú kan tí mo já kúrò lẹ́sẹ̀ mi nínú ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé wa. Dókítà ní ìbùjẹ rẹ̀ ló sọ ẹran di ọ̀tá ara mi: màlúù, ewúrẹ́, pọ̀nmọ́ pàápàá! Tí mo bá sì jẹ ẹ́, ó lè tó wákàtí mẹ́rin kó tó jà. Mo ro ó padà sẹ́yìn. Kí Màmá tó dé, ẹyin àti ẹja ni mò ń jẹ. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń bu ẹran fún mi.

Nígbà tí mo sọ èsì náà fún Màmá, ńṣe ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi pa ìyàwó mi?”

Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síwájú yìí, mo ti fura sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

Ẹja ni wọ́n sè láàárọ̀ yìí. Mo jẹ ẹ́, mo sì ń mí. Gbogbo ẹ̀yin tí èémí yín já gaara, ẹ fi bá mi kígbe Halelúyà!