Owó Fàdákà Baba Ṣóbọ̀wálé

Báyọ̀dé, jókòó. Abigail, kúrò lẹ́nu ọ̀nà, jàre, wá sítòsí mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò jókòó pọ̀ mọ́, èmi náà ni mo fà á. Ọkàn mi ò balẹ̀. Àìsàn yìí ò ní í jẹ́ kí n rí Iléyá, mi ò sì lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Ẹ rántí owó fàdákà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Baba yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe owó ìnáwó. Wọ́n ṣe é láti fi yẹ́ àmì ẹ̀yẹ àwọn akọni ológun sí: sójà kan ló wà lójú rẹ̀, tó pọn ẹnìkejì rẹ̀ tí ìbọn bà. Baba gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòtún, omijé ń bọ́ lójú wọn. "Múdàṣírù, Raheem tó pọ̀n mí jáde lójú ogun nìyí. Ẹnikẹ́ni ò yẹ́ ẹ sí títí ó fi kú. Bá mi jó ìkọ́ kékeré mọ́ ọn, kí n máa gbé e kọ́rùn."

Iṣẹ́ tí kò tó nǹkan! Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ti bà mí jẹ́. Fàdákà tí Abigail kó wá fún yẹtí, mo ti fi rọ ti oníbàárà mìíràn, Abigail sì ń dà mí láàmú. Àwa alágbẹ̀dẹ wúrà, ṣílè àtijọ́ làwọn bàbá wa n'Ìbàdàn máa ń yọ́ rọ yẹtí. Owó fàdákà ò jẹ́ nǹkan kan lójú wa ju fàdákà lọ. Mo jù ú síná. Sójà yẹn yọ́, tòun tẹni tó pọ̀n.

Nígbà tí Baba wá gba ẹrù wọn, ẹnu mi yá ju èrò mi lọ: "Àh, Baba, mo ti fi rán ìyàwó Báyọ̀dé sí yín, nígbà tó wá gba yẹtí rẹ̀."

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ṣá! Ẹ ránṣẹ́ pè mí sí Ẹ̀gbẹ́dá. Abigail ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, súútánà funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ mi mú: "Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí dáadáa. Yẹtí nìkan lẹ fún mi." Báyọ̀dé, o ní kí n búra. Mo gbé ọwọ́ lé Kùránì, mo búra. Ọwọ́ yìí náà ni, ẹ wò ó! O da ẹrù ìyàwó rẹ síta nínú òjò, Abigail pọn ọmọ, ó gba ọ̀nà Àgbàdo lọ. Baba ń tú abẹ́ ìrọ̀rí wọn kiri títí wọ́n fi kú.

Abigail ò jí nǹkan kan. Báyọ̀dé, má wò mí mọ́, wo etí rẹ̀. Owó Baba nìyẹn. Ó wà létí rẹ̀ lọ́jọ́ tí o lé e jáde.

Abigail, bí o bá fẹ́, bọ́ ọ, kí o fi lù mí lójú. Nítorí Ọlọ́run, foríjì mí. Ṣépè, sunkún, sọ ohunkóhun.